Eyín Ni Wọ́n Pín Fún Un

Nínú ẹbí wa, a kì í bi ọmọ léèrè ohun tó fẹ́ dà. Ohun tó ń dun ẹbí la máa ń wò, a ó sì fi ọmọ dí ihò náà. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ríru mú ìyá àgbà, ọmọ tó kọ́kọ́ jáde ilé-ìwé girama lẹ́yìn rẹ̀ di dókítà. Nígbà tí aládùúgbò mọ ògiri wọ inú ilẹ̀ wa, èyí tó tẹ̀lé e di lọ́yà. Òrùlé ilé bẹ̀rẹ̀ sí í jò, wọ́n ní kí ẹ̀kẹta lọ kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà. Kó tó parí ẹ̀kọ́, káfíńtà kan ti wá tún òrùlé náà ṣe, ṣùgbọ́n ẹnjiníà ti dé, kò ṣeé dá padà. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, olùkọ́ ni wọ́n ní kí n ṣe, torí àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ pọ̀ nílé nígbà náà, wọ́n sì ń wá ẹni tó máa kọ́ wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Mi ò jiyàn. Ta ló ń bá òjò jiyàn?

Ẹni tó ń pín iṣẹ́ náà ni ẹ̀gbọ́n pátápátá fún àwọn bàbá wa, tí gbogbo wa ń pè ní Alága. Ọ̀gá ibùdókọ̀ ojú irin ni kó tó fẹ̀yìn tì. Ó fi àwọn ọkọ̀ sílẹ̀ níbi iṣẹ́, ṣùgbọ́n ó gbé àṣẹ wọn bọ̀ wálé. “Kí kálukú wà lójú irin tirẹ̀,” ló máa ń wí, “ìjàǹbá ò ní sí.”

Àbúrò Dókítà, Lọ́yà àti Ẹnjiníà ni mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Bàbá wọn, tó ń ṣiṣẹ́ ìwé títẹ̀, ni àbúrò bàbá mi, inú ilé kan náà la ti dàgbà. Ọmọbìnrin jẹ́jẹ́ ni. Tó bá jókòó síbì kan, èèyàn lè fi aṣọ kọ́ ọ léjìká, kó rò pé ara àga ni. Bó ṣe parí ìdánwò àṣekágbá, Alága pe ìpàdé sí pálọ̀. Àwọn àgbà jókòó sórí àga, àwa yòókù wà lórí kápẹ́ẹ̀tì, ọmọ tí ọ̀rọ̀ kàn wà nítòsí ilẹ̀kùn bí ẹni tó wá jíṣẹ́.

“Kí ló kù tí ẹbí yìí ò ní?” Alága bèèrè.

Ẹnu ò kò. Ẹnìkan fẹ́ agbábọ́ọ̀lù, ẹnìkan fẹ́ ọlọ́pàá. Níbi tí ariwo ti ń pọ̀ ni Alága ti yíjú sí Àǹtí Àgbà, àbúrò rẹ̀ obìnrin, tó di ìborùn mọ́ àgbọ̀n. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ọ̀tún ti wú bí búrẹ́dì tí wọ́n fi ìwúkàrà sí lápọ̀jù. Kò lè sọ̀rọ̀. Ó kàn na ìka sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà, ó mí kanlẹ̀.

Alága wo ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó wo ọmọ, ó tún wo ẹ̀rẹ̀kẹ́. “Ó ti yé mi. Eyín!”

“Eyín!” ni gbogbo ilé gbà, wọ́n sì pàtẹ́wọ́.

Bàbá ọmọ gbìyànjú. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, bóyá ká tiẹ̀ bi ọmọ náà léèrè…”

“Ká bi í ní kí ni? Ṣé òun ni eyín ń dùn ni?”

Bí wọ́n ṣe ń pè é ní Eléyín láti ọjọ́ náà nìyẹn, kó tó fojú kan yunifásítì rárá.

Mo mọ ohun tí ẹ ń retí. Ẹ ń retí kí n sọ pé orin ló wà lọ́kàn rẹ̀, tàbí pé ó ń ya àwòrán pa mọ́ sábẹ́ ibùsùn, tí àwọn ìkà ẹbí wá pa ẹ̀bùn rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Kò sí nǹkan kan lọ́kàn rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ sọ fún mi pé ara tu òun nígbà tí wọ́n dárúkọ eyín, torí òun ti gbọ́ tí Alága ń ráhùn lórí àìsàn ajá rẹ̀, ẹ̀rù ajá sì ń ba òun.

Ní yunifásítì, wọ́n fi òun àti ọmọbìnrin kan sínú yàrá kan náà. Ìdílé ọmọ náà wá láti ibòmíràn, ìṣe wọn sì yàtọ̀ sí tiwa bí omi ṣe yàtọ̀ sí epo. Níbi tiwọn, ọmọ ló ń yan ọ̀nà fúnra rẹ̀. Òbí kì í dá sí i; lójú wọn, ìwà àìlajú gbáà ni kí òbí dá sí i. Àwọn ọmọ ilé gbígbé wọn sọ ọmọ náà ní Àṣàyàn, torí pé yíyàn ni iṣẹ́ rẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Ó ti yan ẹ̀kọ́ kẹ́mísírì, ó fi í sílẹ̀. Ó yan ìtàn, ó fi í sílẹ̀. Nígbà tí Eléyín bá a, ẹ̀kọ́ nípa ewéko ló ń ṣe, ojú rẹ̀ sì ti ń wo ibòmíràn.

Bí àwọn òbí rẹ̀ bá pè é lórí fóònù, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n máa ń sọ fún un: “Ohunkóhun tó bá ti múnú rẹ dùn, ọmọ wa.” Tó bá gbé fóònù sílẹ̀ báyìí, ẹkún ni.

Eléyín bi í pé, “Ṣé wọ́n bú ẹ ni?”

“Wọn ò bú mi. Wọ́n ní kí n ṣe èyí tó wù mí.”

“Kí ló wá ń pa ẹ́ lẹ́kún?”

“Mi ò mọ èyí tó wù mí!” Ó nu imú. “Ìwọ ńkọ́, ta ló yan eyín fún ẹ?”

“Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Àǹtí Àgbà.”

Àṣàyàn wò ó bí ẹni tí ebi ń pa ṣe ń wo ẹni tó ń jẹun lọ́wọ́.

Nígbà tí wọ́n gba ìsinmi, Àṣàyàn mú Eléyín lọ sílé wọn. Ilé náà mọ́, ó sì dákẹ́. Ológbò kan ń sùn lórí òkìtì ìwé, kò sẹ́ni tó ń lé e. Bàbá ń ya àwòrán ilé fún àwọn tó fẹ́ kọ́lé, ìyá ń tọ́jú ilé ìkàwé. Wọ́n ní kí Eléyín máa pe àwọn lórúkọ. Ẹnu rẹ̀ kọ̀ ọ́. “Sà” àti “Mà” ló ń pè wọ́n títí ó fi kúrò níbẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá ṣí kọ́bọ́ọ̀dù kan. Páálí tíì tò síbẹ̀ bí ọmọ ogun. “Tíì wo lo fẹ́?”

“Èyí tó bá wà, mà.”

“Gbogbo wọn ló wà.”

“Irú èyí tí ẹ bá ń mu, mà.”

“Èmi kì í mu tíì.”

Omi ni Eléyín mu títí ìsinmi fi parí.

Lẹ́yìn náà ni bàbá bi í, tìfẹ́tìfẹ́: “Tí kò bá sí ẹni tó ń sọ ohun tó o máa ṣe fún ẹ, kí ni ì bá wù ẹ́?”

“Ẹni bíi ta ni, sà?”

“Ẹnikẹ́ni. Ká ní ìwọ nìkan ló wà.”

Eléyín rò ó. Kò rí nǹkan kan. Ó rò ó lórí ibùsùn, ó rò ó nílé ìwẹ̀. Ó ní ṣe ló dà bí ìgbà tí èèyàn ki ọwọ́ bọ àpò aṣọ tuntun.

Ṣùgbọ́n ó rí nǹkan mìíràn nínú ilé náà. Ní ọjọ́ kan tí wọ́n ń jẹun, Àṣàyàn sọ pé, “Mo ń rò ó pé bóyá kí n lọ máa ta bàtà. Mo fẹ́ràn kí n máa rí ẹni tí bàtà bá a mu.”

Bàbá rọra gbé fọ́ọ̀kì sílẹ̀. Ìyá rẹ́rìn-ín músẹ́. “Ó dáa o,” ló wí. “Tó bá jẹ́ pé òun ló ń múnú rẹ dùn lóòótọ́.”

Ilé wá dákẹ́. Kì í ṣe ìdákẹ́jẹ́ tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Èyí wúwo, ó jókòó sórí tábìlì bí àlejò tí kò fẹ́ lọ. Ológbò pàápàá dìde, ó jáde. Nígbà tí ilẹ̀ máa fi mọ́, Àṣàyàn ti ní òun ò ta bàtà mọ́.

“Ìwọ fúnra rẹ lo pinnu bẹ́ẹ̀,” ni ìyá rẹ̀ wí, inú rẹ̀ sì dùn.

Eléyín sọ fún mi nígbà tó dé, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, nílé tiwa, ariwo ni wọ́n fi ń darí èèyàn. Nílé tiwọn, ìdákẹ́jẹ́ ni. Tiwọn le ju tiwa lọ, torí èèyàn ò ní rí ẹni tó máa bá jà.”

Nígbà ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ó kan Àṣàyàn láti wá sílé wa. Kò tíì jókòó dáadáa tí wọ́n fi gbé ọmọ jòjòló kan lé e lọ́wọ́. Ọmọ ta ni? Kò sẹ́ni tó sọ fún un. Àwọn kan ń sọ fún un pé kó jẹun, àwọn kan ń sọ fún un pé kó sùn, Àǹtí Àgbà ní irun rẹ̀ ò dáa, ó fà á sáàárín ẹsẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dì í. Eléyín ń tọrọ àforíjì. Àṣàyàn ní, “Fi wọ́n sílẹ̀. Mi ò tíì ronú nǹkan kan láti àárọ̀. Ó tù mí lára.”

Ìpàdé tó bọ́ sí ọjọ́ kejì, ọ̀rọ̀ omi ẹ̀rọ tó ń wá díẹ̀díẹ̀ la fẹ́ sọ. Ojú Alága ló ṣèèṣì bọ́ sára àlejò.

“Ọmọ yìí, kí lò ń kọ́ nílé ìwé?”

Àṣàyàn ka gbogbo rẹ̀: kẹ́mísírì, ìtàn, ewéko. “Mi ò tíì mọ èyí tí mo fẹ́, sà.”

Ojú Alága tàn. Láti ìgbà tó ti fẹ̀yìn tì, kò rí irú rẹ̀ rí. “Ẹ̀yin ẹbí,” ló wí, “ọkọ̀ kan ti dé ibùdó wa tí kò lójú irin!”

Kò sẹ́ni tó rántí omi ẹ̀rọ mọ́. Dókítà ní kó ṣe nọ́ọ̀sì. Lọ́yà ní òun ń wá akọ̀wé. Wọ́n ń du ú mọ́ ara wọn lọ́wọ́ nígbà tí Àǹtí Àgbà, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti fi ìgbà pípẹ́ san, sọ̀rọ̀ láti orí àga rẹ̀.

“Ẹ̀yin ò tiẹ̀ ń ronú. Nígbà tí ìyá wa kú, ta ló tọ́jú òkú rẹ̀? Àjèjì kan ni, tó ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù. Mo dúró tì í, mò ń gbọ́ bó ṣe ń jẹ ẹ́. Ẹbí tó tóbi tó báyìí, a ò ní ẹni tó lè fi ọ̀wọ̀ tọ́jú òkú wa.”

Gbogbo pálọ̀ ní òótọ́ ni. Ojú wa sì yí sọ́dọ̀ ẹni tó dàgbà jù níbẹ̀, kì í ṣe pé a mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é.

“Kí lẹ̀ ń wò lára mi?” Alága bèèrè.

Àṣàyàn ló gbà wá. Ó ní, “Mo lè ṣe é. Mi ò bẹ̀rù òkú. Ó kéré tán, òkú ò ní bi mí pé kí ló wù mí.”

Alága lu ọwọ́ àga. Ó parí.

Àṣàyàn pe àwọn òbí rẹ̀ lójú wa. Ó sọ fún wọn pé òun máa lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́ ìtọ́jú òkú. A gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ nínú fóònù: “Ó dáa o. Tó bá jẹ́ pé òun ló ń múnú rẹ dùn lóòótọ́…” Ìdákẹ́jẹ́ tẹ̀lé e. Ṣùgbọ́n ilé wa kọ́ ni ìdákẹ́jẹ́ ti lè rọ́wọ́ mú. Ọmọ ń ké níhìn-ín, ẹnìkan ń gún nǹkan lọ́hùn-ún, Ẹnjiníà ń fi òòlù lu páìpù omi. Àṣàyàn ò tiẹ̀ gbọ́ ọ. “Ẹ ṣeun o!” ló pariwo sínú fóònù, ó gbé e sílẹ̀.

Kò pẹ́ tí mọ́tò kan fi dúró lẹ́nu ọ̀nà wa. Bàbá àti ìyá Àṣàyàn ni. Kóòtù ni bàbá wọ̀. Wọ́n jókòó sí pálọ̀, wọ́n ní àwọn fẹ́ rí Alága. A gbé tíì fún wọn, mílíìkì àti ṣúgà ti wà nínú rẹ̀, kò sẹ́ni tó bi wọ́n ní nǹkan kan. Ìyá tí kì í mu tíì mu ún tán.

“Ẹ wò ó, sà,” ni bàbá bẹ̀rẹ̀. “Àwa kì í fi agbára mú ọmọ wa. A gbà pé ọmọ ló ni ayé rẹ̀.”

“Ó dáa bẹ́ẹ̀,” Alága dáhùn. “Ọmọ yín sì ti yàn.”

“Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n… ẹ̀yin ló máa ń gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu. A ní bóyá ẹ lè bá a sọ̀rọ̀.”

“Kí n bá yín fi agbára mú un?”

“Kì í ṣe agbára bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀, sà.”

“Agbára díẹ̀.”

“Díẹ̀,” ni bàbá gbà. Ó ń wo bàtà ara rẹ̀.

Ara ìyá ò gbà á mọ́. “Ẹ ò ṣe sọ fún un pé kó ṣe dókítà? Gbogbo àgbáyé ló mọ̀ pé ẹbí yín fẹ́ràn dókítà!”

“Dókítà wà lọ́wọ́ wa,” ni Àǹtí Àgbà fèsì. “Òkú ni a ò ní ẹni tó ń bójú tó.”

Alága ò yẹsẹ̀. Ó ní ojú irin tí òun bá ti tò, òun kì í tú u. Wọ́n padà sílé. Lónìí, Àṣàyàn ní ilé ìtọ́jú òkú tirẹ̀, funfun ni aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó máa ń bá òkú sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni ń wọṣọ fún ọmọ. Kò ronú láti yí iṣẹ́ padà mọ́. Tí àwọn òbí rẹ̀ bá ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún ẹlòmíràn, wọ́n máa ń fi yangàn pé: “Òun fúnra rẹ̀ ló yàn án. Àwa ò dá sí i.”

Eléyín lọ̀rọ̀ wá kù sí lọ́rùn. Ìbéèrè tí bàbá Àṣàyàn bi í yẹn ò jẹ́ kó gbádùn. Ọdún tó kù díẹ̀ kó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ló dìde níwájú ìpàdé, ó ní, “Mi ò ṣe eyín mọ́.”

Ilé dàrú. Ṣùgbọ́n inú Lọ́yà dùn, torí ó ti múra sílẹ̀ de irú ọjọ́ yìí. Ó ní èsì fún orin, ó ní èsì fún eré ìtàgé, ó ní èsì fún ọkùnrin. “Kí lo wá fẹ́ ṣe?” ló bi í.

“Mi ò mọ̀.”

Lọ́yà la ẹnu, ó pa á dé. Kò ní èsì fún “mi ò mọ̀.” Kò sẹ́ni tó ní in. Alága ló rí ọ̀nà gbà nígbẹ̀yìn. “Máa ṣe eyín lọ,” ló wí, “tó o bá ti mọ̀, wá sọ fún wa.”

Ọ̀rọ̀ náà mọ́gbọ́n dání débi pé Eléyín ò rí ibi tó máa ti ta kò ó. Ó padà. Ó ṣe é lọ. Ó gboyè, ó gba yàrá sókè ilé ìtajà kan, ó ra àga tó ń lọ sókè tó ń wá sílẹ̀, ó lọ́kọ, ó bímọ. Ọwọ́ rẹ̀ fúyẹ́, àwọn èèyàn fẹ́ràn rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá bi í pé ṣé ó fẹ́ràn iṣẹ́ náà, á ní, “Eyín ò burú.”

Àwọn ará ilé wa ló kọ́kọ́ ń rọ́ lọ bá a, èyí tó jẹ́ ohun tí wọ́n rán an lọ kọ́. Ibẹ̀ ló ti rí nǹkan kan tí ẹnikẹ́ni ò rò tẹ́lẹ̀. Gbogbo ẹni tó máa ń sọ̀rọ̀ nípàdé ló ń wá dùbúlẹ̀ síwájú rẹ̀, tí wọ́n la ẹnu, tí wọn ò sì lè sọ nǹkan kan. Eléyín tí kò lè parí gbólóhùn kan ní pálọ̀ wá ń sọ̀rọ̀ títí. Ó sọ fún Lọ́yà pé ó máa ń pariwo jù. Ó sọ fún Dókítà pé kò kí òun nígbà tí òun bímọ. “Aa,” ni wọ́n ń wí. “Aa.” Mo lọ níbẹ̀ rí, ó sì sọ ohun kan fún mi tí mi ò ní tún sọ níbí.

Ọdún tí ọmọ rẹ̀ obìnrin jáde ilé-ìwé girama, Alága ti darúgbó gan-an. Ó pe ìpàdé. Kí ọjọ́ ìpàdé tó pé, eyín ẹ̀yìn kan gbé e dé orí àga Eléyín.

“Ẹ la ẹnu, sà. Ẹ là á dáadáa.” Ó fi owú sí i, ó gún un lábẹ́rẹ́ tó ń mú kí ẹnu kú. “Bàbá, ìpàdé ọmọ mi yẹn, mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ. Ẹ fẹ́ sọ pé a ò ní ẹni tó mọ̀ nípa etí, àti pé etí yín ti ń di.”

“Aa! Aa!”

“Ẹ má mi orí, sà, irin wà lẹ́nu yín. Mi ò bínú sí yín. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń wá ohun tó wù mí, mi ò rí i. Bóyá ó wà níbẹ̀ nígbà tí mo wà lọ́mọdé, tí kò sẹ́ni tó bèèrè rẹ̀. Bóyá kò sí níbẹ̀ rí. Mi ò ní mọ̀ láéláé. Ẹ bi ọmọ mi, ẹ jọ̀ọ́. Tó bá ní òun ò mọ̀, ẹ jẹ́ kó máa wá a.”

Ó fa eyín náà. Ó jáde pẹ̀lú ìrọ̀rùn.

Alága dìde jókòó, ó tutọ́ sínú abọ́, ètè rẹ̀ sọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó di ọwọ́ Eléyín mú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. “Èmi náà,” ló wí, ìyẹn yé e. “Nígbà tí mo wà lọ́mọdé…” Ìyẹn náà yé e díẹ̀. Ohun tó tẹ̀lé e, kò ní ètè tó máa fi sọ ọ́. Ó dún bí “apẹja”, ó dún bí “alápatà”, ó tún dún bí ẹ̀rín.

“Ẹ dákun, sà, ẹ tún un sọ.”

Ó tún un sọ. Bákan náà ló rí. Omi wà lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ máa ń fa ìyẹn náà.

Lọ́jọ́ kejì, Eléyín lọ bá a nílé láti bèèrè. Ètè Alága ti padà sípò. “Èmi? Mi ò sọ nǹkan kan,” ló wí. “Oògùn rẹ ló ń sọ̀rọ̀.”

Ọjọ́ ìpàdé pé. Ojú eyín tí wọ́n fà ti mú kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ Alága wú, kò lè sọ̀rọ̀ láti ṣamọ̀nà wa bó ṣe máa ń ṣe. Ó kàn na ọwọ́ sí ọmọ náà, ó sì ṣe ojú sí i bí ẹni tó ń bèèrè nǹkan. Kò yé wa. Eléyín ló túmọ̀ rẹ̀. “Wọ́n ní, kí ló wù ẹ́?”

Ọmọ náà wo ìyá rẹ̀, ó wo gbogbo wa. “Ẹ fún mi láyè kí n rò ó.”

“Títí dìgbà wo?” ni Lọ́yà bèèrè.

“Mi ò mọ̀.”

Alága mi orí pé ó dáa. Ìpàdé parí, kò ì pẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ìrẹsì tí wọ́n gbé kaná ò tíì jiná. Gbogbo wa wá jókòó, a ń wo ara wa, kálukú gbé ọwọ́ lé orúnkún. Dókítà wo aago rẹ̀. Ẹnjiníà ní ó jọ pé òjò fẹ́ rọ̀. A gbà pé ó jọ bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹnì kan nínú wa tó mọ ohun tí ẹbí ń bá ara wọn sọ tí kì í bá ṣe iṣẹ́ ọmọ ẹnìkan ni wọ́n ń pín.